Kàlẹ́ńdà tó mọ Iléyá, tó ṣi Ìtúnu mú

Ẹgbẹ̀rún méjì náìrà ni mo ra kàlẹ́ńdà 2025 yìí ní Dùgbẹ̀, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kiri rẹ̀. Aránṣọ ni mí, mo máa ń wo ara ògiri ju dígí lọ. Ohun tó jẹ́ kí n sanwó ni pé lábẹ́ oṣù tí ọdún bá bọ́ sí, wọ́n kọ ìtumọ̀ orúkọ ọdún náà ní Yorùbá, tòun tàmì ohùn.

Ibi Iléyá dùn mọ́ mi. Wọ́n ní "ilé yá" ni, pé ó tó àsìkò àtirelé. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, táwọn ọmọọṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká tépù, "Màámi, ilé ti yá o" ni wọ́n máa ń wí, kò sì sí ọ̀rọ̀ àgbò níbẹ̀ rárá. Wọ́n to orúkọ táwọn mìíràn ń pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lárúbáwá, Eid al-Adha, ọdún ẹran ìrúbọ, torí ẹran tí Ọlọ́run fi pààrọ̀ ọmọ Ànábì Ibrahim. Eid-el-Kabir tí ìjọba ń pè é, ọdún ńlá ni. Babbar Sallah ni tàwọn Hausa, ìrun ńlá. Èyí wo ẹran, èyí wo ìrun, àwa Yorùbá wá ń wo ọ̀nà gáréèjì! Tabaski nìkan ni wọn ò fi sí i, bẹ́ẹ̀ kọ́sítọ́mà mi kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Yorùbá bíi tèmi, orúkọ tó ń pè é nìyẹn.

Àmọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, wọ́n bà á jẹ́. Wọ́n kọ ọ́ ní "Ìtùnú Ààwẹ̀", wọ́n sì ṣàlàyé pé Ọlọ́run ń tu àwọn tó gbààwẹ̀ nínú. Rárá o. Ẹnu là ń tú! Bí a ti ń ṣínu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ là ń túnu nígbà tí oṣù bá parí. Fitr tó wà nínú Eid al-Fitr àti iftar tá a fi ń pe ìṣínu, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti wá. Àmì ohùn tí mo torí ẹ̀ ra kàlẹ́ńdà ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n fi Iléyá sí ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, Sátidé, láìkọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú oṣù ló máa sọ ọ́. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń fi déètì yẹn gbaṣẹ́. Ìgbà tí Súlútáánì Ṣókótó kéde pé oṣù ti lé, Iléyá di Fráìdè ọjọ́ 6. Ojúde Ọba tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta rẹ̀ sì sún wá sí ọjọ́ 8. Ẹgbẹ́jọdá àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde kan ṣì wà lórí máṣíìnì mi, aṣọ mọ́kànlá, a ò tíì ta bọ́tìnì sí méje nínú wọn. Òru méjì la fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, owó epo sì jẹ èrè mi tán.

Bébà rẹ̀ nípọn, ihò tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ sì ti ya kí oṣù kẹta tó pé. Síbẹ̀ mo ra ti 2026, torí àwọn ìtumọ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀dì ni mo fi kọ déètì aṣọ Iléyá sí i.