Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pariwo ìpá ẹ̀gbọ́n mi

Ìràwọ̀ 3 ni mo fún wọn nínú 5. Nọ́ọ̀sì alẹ́ kan ló ni méjì nínú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni, ní Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 68, la gbé lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ìpá. Èmi náà ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà tí mo bá ti wọ ọsibítù, ojú mi kì í sinmi.

Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, fáànù ń fẹ́. Àwa bí ogún la jókòó. Ni ọmọdébìnrin kan bá yọjú pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́: "Ta ló ni ìpá níbí?" Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, díákónì odindi, tẹjú mọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ọmọ náà tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fi orúkọ wọn kún un.

Kì í ṣe ìtìjú lásán. Abala 26 nínú Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ àìsàn ẹni. Ó láwọn ìgbà tí wọ́n lè tú u: bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i, bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ "ta ló kàn" ò sí níbẹ̀. Orúkọ nìkan ti tó, ọmọ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni ara mi tó rọ̀. Ẹnì kan gbé ìwé ìyọ̀ǹda wá, Gẹ̀ẹ́sì láti òkè délẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi buwọ́ lù ú. Bírò ti wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí nọ́ọ̀sì alẹ́ wọlé. Ó kí wọn tán, ó ní, "Bàbá, kí ni dókítà ní àwọn fẹ́ ṣe?" Wọ́n ní, "Wọ́n ní àwọn máa rán an." "Níbo, sà?" Wọn ò mọ̀. Wọn ò mọ̀ bóyá ńṣe ni wọ́n máa kùn wọ́n lóorun tàbí ẹ̀yìn ni wọ́n máa gún lábẹ́rẹ́. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn lè kọ̀.

Nọ́ọ̀sì gba ìwé náà padà. Kò ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ yẹn fúnra rẹ̀ o, ibi tí mo ti mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ dáadáa nìyẹn: dókítà tó máa fọwọ́ kan ọ̀bẹ ló ni àlàyé. Ó lọ pè é. Mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Dókítà ní òun ti sọ ọ́ lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi sọ ọ́." Dókítà wá, ó fi Yorùbá tún un sọ, ó tiẹ̀ ya àwòrán sẹ́yìn páálí oògùn. Abala 23 òfin kan náà ló ní, bó bá ṣeé ṣe, èdè tó yé aláìsàn ni kí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀.

Lóru ọjọ́ kejì, abẹ́rẹ́ ìrora aago méjìlá pẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì alẹ́ náà dé, ó bẹ̀ wọ́n, ó gún un, ó sì kọ 1:20 sílẹ̀. (Mo yọjú wo ìwé náà. Ìwà àgbàyà ni, mo mọ̀.) Ọ̀pọ̀ tí a jọ ṣiṣẹ́ ni ì bá kọ 12, bí ẹni pé kò pẹ́.

Oúnjẹ wọn ò ṣeé ròyìn; ẹ gbé tiyín láti ilé. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ dá náà la san.

Mo fẹjọ́ ọmọdébìnrin yẹn sun mátírọ̀n. Ọmọ náà wá kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan wà nínú àwọn ogún tó jókòó lọ́jọ́ náà. Kí á tó délé, àwọn tó wá kí wọn ti ń béèrè bóyá ìpá náà ti lọ.