Ìborùn àrán sílíìkì tàbí ti pọ́líẹ́sítà: èwo ni ká fi rán ẹ̀wù?

Ìborùn àrán àtijọ́ méjì, tó ní wajawaja létí, tó láti fi rán ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan. Nínú sílíìkì àti pọ́líẹ́sítà, èwo ni ká rà? Ọ̀pọ̀ àrán tí wọ́n ń pè ní sílíìkì kì í ṣe sílíìkì délẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ ni sílíìkì, rayon, fọ́nrán àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi igi ṣe, ni irun múlọ́múlọ́ ojú rẹ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan láti ẹ̀yìn, ẹ ṣáná sí i. Sílíìkì á rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ á sì rún lọ́wọ́; pọ́líẹ́sítà á yọ́, á dì bí ìlẹ̀kẹ̀.

Pọ́líẹ́sítà kò wọ́n, omi ò sì bà á lẹ́rù. Ẹ̀kán omi kan péré lè fi àpá sójú ti sílíìkì, áyọ́ọ̀nù ò sì gbọdọ̀ kàn án lójú. Ooru omi láti ẹ̀yìn ni ká fi nà án. Ṣùgbọ́n sílíìkì tutù lára. Nígbà ọyẹ́ Àbújá, pọ́líẹ́sítà á máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀, á máa ta pàrà.

Àwọn méjèèjì ló nírun, ibẹ̀ sì ni télọ̀ ti ń ṣìṣe. Ẹ fọwọ́ pa aṣọ náà: lápá kan á jọ̀lọ̀, lápá kejì á ta kò yín. Bí irun iwájú bá dojú kọ òkè, tí ti ẹ̀yìn dojú kọ ilẹ̀, ẹ̀wù náà á di aláwọ̀ méjì. Sílíìkì tún ń yọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ rán an mọ́ra.

Fún òde alẹ́ bíi mélòó kan lọ́dún, sílíìkì ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń gbọ́mọ jòjòló, tí aṣọ rẹ̀ ń wọnú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ra pọ́líẹ́sítà, kó fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́ tẹ́ inú rẹ̀.