Táàgì inú ẹja tí mo rà: ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́ja ló wà fún

Ẹni tó tà á fún mi ní n óò máa rí ibi tí ẹja mi bá wà lórí fóònù. Ẹ má dá irú wọn lóhùn. Táàgì yìí kò mọ ibi tí ẹja wà. Nọ́ńbà kan péré ló ní, kò sì ní sọ ọ́ àfi tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tó ń kà á sún mọ́ ẹja náà lára. Síbẹ̀, màá tún rà sí i.

Gíláàsì tín-ín-rín ni, mìlímítà 12 ní gígùn, bíi hóró ìrẹsì méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Kò ní bátìrì. Ẹ̀rọ ọwọ́ ló ń fi ìgbì rédíò jí i, òun náà á sì dá nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 padà. Bátìrì tí kò sí kò lè kú, ẹja lè gbó mọ́ ọn lára.

Àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ ẹja sámọ́nì ní Amẹ́ríkà ni mo fi gbà pé ó ṣeé gbọ́kàn lé. Láti 1987 ni wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ sí wọn níkùn ní agbègbè odò Columbia. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, ọmọ ẹja á máa ti àwọn odò òkè Idaho sọ̀kalẹ̀ lọ sókun. Èyí tó bá gba odò Snake wá á kọjá dáàmù mẹ́jọ, láti Lower Granite títí dé Bonneville. Wọ́n ti ri ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà mọ́ ojú ọ̀nà omi tí ẹja ń gbà kọjá ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹja bá ti ń kọjá ni nọ́ńbà rẹ̀ ń wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ iye ọjọ́ tó lò lọ́nà, iye tó kú, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n tú omi sílẹ̀ kí ẹja má bàa gba inú ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná kọjá. Tó bá lo ọdún méjì mẹ́ta lókun tó sì padà wá yé ẹyin, nọ́ńbà kan náà ló ṣì ń jẹ́. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ẹja tí wọ́n ń fi sí lọ́dọọdún, inú àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo wọn jọ ń lò, PTAGIS, ni wọ́n sì ń kó o sí.

Èmi ò ní dáàmù. Táńkì ni mo ní lójú ọ̀nà odò Ọbà, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àrọ̀ ni mò ń sìn, ọmọ ẹja ni mò ń tà. Abo tí a bá ti gún lábẹ́rẹ́ kí ẹyin rẹ̀ lè gbó, tí a sì ti tẹ ẹyin náà jáde, gbọ́dọ̀ sinmi kó tó tún ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn nírùngbọ̀n. A máa ń gé wọn ní lẹbẹ láti fi dá wọn mọ̀, àmọ́ ó ń hù padà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò á sì di tọkọtaya láìmọ̀, ọmọ wọn kò ní dàgbà dáadáa. Ní báyìí, mo gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́yìn, ó dún, mo ṣí ìwé mi, mo rí ìyá rẹ̀.

Fífi sí i kò le. Òróró kànáfùrù tí mo rà ní Sábó, díẹ̀ nínú omi kí ara ẹja rọ̀. Tówẹ́ẹ̀lì tútù bò ó lójú. Abẹ́rẹ́ wọlé sínú ẹran ẹ̀yìn. Ọmọ iṣẹ́ mi tó máa ń pariwo pé "Màmá, ó fẹ́ já o!" ló ń fi sí i jù báyìí. Akọ tí a bá pa nítorí àtọ̀, ẹ yọ tiẹ̀ kúrò kí ẹ tó tà á, kó má bá ẹja dé ìkòkò ọlọ́bẹ̀ ata. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, ó tún wúlò.

Ohun tó dùn mí ni owó. Táàgì fúnra rẹ̀ kò burú, ẹ̀rọ ọwọ́ ló ń jẹ owó oúnjẹ ẹja. Abẹ́rẹ́ tó bá a wá kò tó, kì í sì í pẹ́ kú lẹ́nu. Ẹni tó kàn ń bọ́ ẹja títí yóò fi tà á kò nílò rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè èyí tí ìgbì rédíò rẹ̀ jẹ́ 134.2 kHz, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà kà á lójú yín. Wọ́n ń ta ti 125 kHz náà, ó sì jọ ọ́ gan-an, àmọ́ ẹ̀rọ mi kì í kà á.