Ta ló fi kárọ́ọ̀tì gún gàrí nímú? Àgbéyẹ̀wò ìdì ìwé ewì àti àwòrán lórí àsìkò ọdún

Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ni ó béèrè ìbéèrè tí ó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ó gbé ìwé ọyẹ́ sókè láti tábìlì kẹta, ó ní, "Àǹtí, ta ni ó fi kárọ́ọ̀tì gún gàrí nímú?"

Mo sún mọ́ ọn láti wo ohun tí ó ń sọ. Ní ojú ewé kan, ewì wà níbẹ̀ tí ó ń sọ nípa ètè tí ó bó, nípa ẹsẹ̀ tí ó funfun bíi ti ẹni tí ó rìn nínú eérú, àti nípa ìyá tí ń táràrà wá ike òrí kiri ní ìdájí. Ewì náà dùn débi pé mo ti há a sórí kí a tó wọlé ìwé. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé tí ó kọjú sí i, àwọn ọmọ mẹ́ta wọ kóòtù tí ó nípọn, wọ́n dé fìlà onírun, wọ́n sì yí ènìyàn kan tí wọ́n fi òjò dídì mọ ká, kárọ́ọ̀tì gbọọrọ sì ni imú rẹ̀. Funfun náà bo ilẹ̀, ó bo òrùlé, ó bo igi. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí mo ń kọ́ kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ohun funfun tí wọ́n mọ̀ tí ènìyàn ń kó jọ gègèrè bẹ́ẹ̀ ni gàrí orí àtẹ ní ọjà, nítorí náà gàrí ni wọ́n pè é. Ọmọkùnrin kan takú pé iyọ̀ ni, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n jà. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní fún ẹ̀kọ́ náà. Ọgbọ̀n ni mo fi ṣàlàyé òjò dídì fún àwọn ọmọ tí mo fẹ́ kọ́ nípa ọyẹ́.

Ìwé mẹ́rin ni ó wà nínú ìdì kan: ti ẹ̀ẹ̀rùn, ti òjò, ti ìkórè àti ti ọyẹ́. Ọmọ mọ́kànlélógójì ni mo ní ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tábìlì mẹ́fà ni wọ́n sì ń jókòó sí, nítorí náà mo ra ìdì mẹ́fà ní oṣù Kẹsàn-án. ₦1,500 ni ìwé kan. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ san ₦20,000, èmi fi ₦16,000 kún un láti inú owó oṣù mi. Mo sọ èyí kí ẹni tí ń kà á lè mọ̀ pé owó àpò mi wà nínú ìbínú mi.

Ìwé òjò ni a kọ́kọ́ lò, ó sì yẹ kí n ti fura láti ibẹ̀. Inú ìwé náà ní àmì ohùn bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe àkọlé fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i: OJO DE. Mo ní kí ọmọbìnrin kan kà á sókè. Ó ní, "Òjó dé." Òjó tí ó wà ní kíláàsì mi sì dìde fùú, ó ní, "Mo ti wà níbí láti àárọ̀, mà." A rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ni mo rò ó pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà kò lè mọ̀ bóyá òjò ni, bóyá Òjó ni, tàbí ojo tí ń sá fún ìjà, bí kò bá rí àmì lórí ọ̀rọ̀ náà.

Síbẹ̀, n kò ní purọ́, ìwé òjò yẹn ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó kọ ewì inú rẹ̀ ti jókòó sábẹ́ páànù rí nígbà tí òjò ń bọ̀: ewì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kéékèèké, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, àwọn ìlà rẹ̀ sì ń gùn sí i títí wọ́n fi di ọ̀wààrà, kí wọ́n tó tún kúrú bí òjò tí ń dá. Lẹ́yìn ewì náà ni iṣẹ́ ṣíṣe wà. Wọ́n ní kí a gbé agolo wàrà sí gbangba, kí a máa fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ ní àràárọ̀. A ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ewúrẹ́ da agolo náà nù lẹ́ẹ̀mejì, a sì kọ "ewúrẹ́" sí ọjọ́ méjèèjì náà dípò nọ́ńbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, omi dé mílímítà 28, àwọn ọmọ sì gé ẹ̀kán omi 28 láti ara bébà, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ títí dé etí fèrèsé. Àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ ìṣirò sétí ni ó ń sáré jáde láti lọ wo agolo. Ìwé náà tún ní kí a ṣàkíyèsí bí òjò ṣe máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, bí ẹni pé ẹni tí ó kọ ọ́ gbàgbé pé ilé ìwé máa ń wà ní ìsinmi ní oṣù náà.

Kí n padà sí ọ̀rọ̀ ọyẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni mo pe ilé ìtàwé náà lórí fóònù. Ìkòròdú ni wọ́n wà, àwọn náà ni wọ́n sì ṣe ìwé náà jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e. Mo ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, mà." Mo ní mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ìdí tí mo fi pè nìyẹn. Ó ní Mọ́mì kò sí nítòsí, kí n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo fi ránṣẹ́. Wọ́n kà á, mo rí i pé wọ́n kà á, ẹnikẹ́ni kò sì dá mi lóhùn fún ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, a gba Ìtòkín, mo sì dé ilé ìtàwé náà kí aago mẹ́wàá tó lù. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni mo bá níbẹ̀, ó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ jókòó, mà, Mọ́mì ń bọ̀." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fáànù tí kò yí, nítorí iná kò sí. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò níbẹ̀. Ó ta bírò mẹ́ta àti ìwé ìṣirò kan lójú mi, kò sì bi mí bóyá mo fẹ́ mu omi.

Nígbà tí ìyá náà dé, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì na ìwé náà sí i. Ó wá dígí rẹ̀, ó fi sójú, ó wo àwòrán náà pẹ́. Ó pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní, "Ta ló fi èyí sára ọyẹ́?" Ó ní ẹni tí ó to ojú ewé ni ó wá àwòrán òtútù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá náà yí padà sí mi, ó ní, "Tíṣà wa, ẹ má bínú. Ewì nìkan ni mo kà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, n kò wo àwòrán. Ẹ̀bi mi ni." Èmi tí mo ti to èébú lẹ́sẹẹsẹ láti Ẹ̀pẹ́, n kò rí èyí tí mo lè lò. Ó ka ₦9,000 lé mi lọ́wọ́, owó ìwé ọyẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì kọ̀ láti gba àwọn ìwé náà padà. Ó ní òun yóò ya àwòrán mìíràn, yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀. A rìn díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mà, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n pè é ní gàrí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n tún sọ ohun tí ọmọ náà wí gan-an fún òun. Mo sọ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ọ̀sẹ̀ méjì di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Awakọ̀ ni ó kó àwòrán náà wá, ó sì gba ₦1,500 lọ́wọ́ mi kí ó tó yọ ọ́ lábẹ́ ìjókòó. Ọyẹ́ ti lọ nígbà náà. Ní àdúgbò tiwa tí omi yí ká, kì í le, kì í sì í pẹ́. Àwòrán náà dára púpọ̀: ìyá kan bẹ̀rẹ̀, ó ń fi òrí pa ọmọ lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ìta sì rí fúrú nítorí eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ṣùgbọ́n wọ́n gé bébà náà tóbi ju ojú ewé lọ, wọn kò sì fi gọ́ọ̀mù sí i. Mo pín sísọ́ọ̀sì, mo ní kí tábìlì kọ̀ọ̀kan lẹ àwòrán tuntun bo ti àtijọ́.

Àwọn ọmọ kọ̀. Wọn kò fẹ́ kí n bo ọkùnrin gàrí mọ́lẹ̀. Tábìlì kẹta ni ó rí ọgbọ́n dá: wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí etí òkè bébà náà nìkan, tí ó fi ń ṣí bí ìlẹ̀kùn, ìyá tí ń fi òrí pa ọmọ níwájú, ọkùnrin gàrí lẹ́yìn. Àwọn yòókù wò wọ́n ṣe é. Ọmọ tí ó béèrè nípa kárọ́ọ̀tì ti ṣí tirẹ̀, ó sì ti pa á dé tó ìgbà ogún kí aago tó lù.

Ìwé ẹ̀ẹ̀rùn kò ní àbùkù, kò sì ní ohun tí ń múni lọ́kàn. Ìkórè ń dúró de àgbàdo tuntun. Mo ti fi owó ìdì mẹ́ta mìíràn ránṣẹ́ fún kíláàsì kejì, ẹgbẹ́ òbí kò tíì mọ̀.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún wọn ní méjì.