Bí mo ṣe wá owó ìwé fún ọmọ wẹ́wẹ́: Foundation Directory ní ilé ìkàwé Enoch Pratt, Baltimore

Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìkàwé Enoch Pratt ní Cathedral Street ní ọdún 2023. Èyí tó kéré jù kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, èyí tó dàgbà jù ń múra àtiwọ kindergarten. Yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa la ti ń pàdé láàárọ̀ Sátidé. A ó tẹ́ ẹní, a ó pa àlọ́ kan ní Yorùbá, a ó ka ìwé àwòrán méjì ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ìyá tàbí bàbá kọ̀ọ̀kan á mú ìwé kan lọ sílé kó lè kà á fún ọmọ rẹ̀ lóru. Ìwé tí wọ́n ń mú lọ yìí ló ń gbọ́n àpò wa gbẹ. Ìwé páálí líle, irú èyí tí ọmọ ọwọ́ lè fi sẹ́nu kó má ya, ń tó dọ́là mẹ́jọ. Ọmọ mẹ́rìnlá, dọ́là mẹ́jọ: 112 dọ́là lọ́sẹ̀ kan. Èmi àti ìyàwó pásítọ̀ la ti ń dá a láàárín ara wa láti ọdún kan gbáko.

Kí n tó mọ̀ pé ilé ìkàwé lè ràn mí lọ́wọ́, mo ti kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní iṣẹ́ òun ni láti máa bá ẹgbẹ́ kéékèèké kọ ìwé ìbéèrè gíráǹtì, ìyẹn owó ìtọrẹ tí a kì í san padà. Ó gba 600 dọ́là, ó ní òun yóò tún mú ìdá mẹ́wàá nínú ohunkóhun tó bá wọlé. Nígbà tí mo rí ẹ̀dà lẹ́tà tó kọ, orúkọ ìlú tí kì í ṣe tiwa ló wà ní ìpínrọ̀ kejì. Lẹ́tà kan ṣoṣo náà ló fi ránṣẹ́ sí ọgbọ̀n àjọ, kò sì sí èyí tó dá wa lóhùn. Owó yẹn dùn mí gan-an, torí owó ìwé ọmọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ o: Grant Professionals Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìwé gíráǹtì kíkọ ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, kò fàyè gba kí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gba owó iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú gíráǹtì. Ẹni tó bá bá yín sọ̀rọ̀ ìdá mẹ́wàá, ẹ dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ilé ìkàwé náà wá. Ọdún 1882 ni oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Enoch Pratt fi owó rẹ̀ lélẹ̀ fún un, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ti olówó àti tálákà ni yóò jẹ́, láìwo àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ilé àárín ìlú tó wà lónìí, èyí tó dojú kọ Basilica, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá kan, ṣí ní 1933, wọ́n sì tún un ṣe látòkèdélẹ̀ kí wọ́n tó tún ṣí i ní 2019. Láti 2018, wọn kì í gba owó ìtanràn mọ́ lórí ìwé tó pẹ́ kó tó padà. Mo sọ èyí torí mo mọ ìyá tó ń sá fún ilé ìkàwé nítorí gbèsè ìwé. Ẹ sọ fún irú wọn kí wọ́n padà wá.

Ohun tí mo wá lò níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Foundation Directory nígbà náà. Candid ló ni ín, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó jáde nígbà tí Foundation Center, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, àti GuideStar di ọ̀kan ní 2019. Àkójọ àwọn àjọ ìtọrẹ ni: ẹni tí wọ́n jẹ́, iye owó tí wọ́n ní, ẹni tí wọ́n fún àti iye tí wọ́n fún un. Àjọ tó wà nínú rẹ̀ ju 100,000 lọ. Nígbà tí mo lò ó, bí ẹnì kan bá fẹ́ dá san owó rẹ̀, èyí tó kún jù lọ ń gbà ju 1,000 dọ́là lọ lọ́dún. Lórí kọ̀ǹpútà inú ilé ìkàwé, ọ̀fẹ́ ni.

Mo jókòó, mo tẹ "literacy", mo sì tẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ tó jáde pọ̀ débi pé ojú mi ṣú. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọmọ mi àgbà lọ, rí mi, ó fa àga wá. Kò bi mí pé èló ni mo ń wá. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ti fún irú ẹgbẹ́ bíi tiwa lówó rí. Mo ní rárá. Ó ní ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó fi Maryland, ìpínlẹ̀ wa, há a kó lè dín kù. Ó fi ẹ̀kọ́ ọmọ láti ọjọ́ ìbí dé ọdún márùn-ún há a. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mi ò lè rò láéláé: ó ní kí a wo kìkì àwọn tó ti fún ẹlòmíràn ní iye tí kò tó 10,000 dọ́là, torí àjọ tó mọ́ lára láti máa fúnni ní ìdajì mílíọ̀nù kò ní ráyè ẹgbẹ́ ọlọ́mọ mẹ́rìnlá. Mẹ́tàlélógún ló kù.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Lábẹ́ àjọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ìwé owó orí rẹ̀ tó ń jẹ́ Form 990-PF. Gbogbo àjọ ìtọrẹ aládàáni ní Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á. Wọ́n máa ń to orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n fún lówó sínú rẹ̀, pẹ̀lú iye rẹ̀. Àpótí kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi àmì sí bó bá jẹ́ pé ẹni tí àwọn fúnra wọn ti yàn nìkan ni wọ́n ń fún, tí wọn kò ní gba ìwé lọ́wọ́ àlejò. Mọ́kànlá nínú mẹ́tàlélógún ló ti fi àmì sí i. Ká ní mo mọ àpótí yẹn tẹ́lẹ̀, 600 dọ́là wa ì bá di ìwé márùndínlọ́gọ́rin.

Mo ka àwọn méjìlá tó kù bí ẹni ń ka Bíbélì. Àjọ kan sọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa ọmọdé àti ìwé, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta léra, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni méjì àti ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ni gbogbo owó rẹ̀ ń lọ. Òmíràn, ti ìdílé kan, kò dárúkọ ìwé kíkà rárá. Àmọ́ lọ́dọọdún, ó ń fún ibi tí wọ́n ti ń pín ìlédìí ọmọ ní 2,000, ó ń fún jẹ́lé-ó-sinmi ṣọ́ọ̀ṣì kan ní 3,000, ó ń fún ọkọ̀ tó ń gbé ìwé kiri àdúgbò ní 5,000. Mo fi gègé fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo béèrè nípa àwọn ńláńlá pẹ̀lú, torí wọ́n wà nílé wa níbí. Annie E. Casey Foundation, tí àwọn ọmọ fi orúkọ ìyá wọn sọ ní 1948, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olùdásílẹ̀ UPS, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù, wà ní Baltimore, ó sì ti ṣe púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tó gbọ́dọ̀ mọ ìwé kà dáadáa kó tó parí kíláàsì kẹta. Ṣùgbọ́n kì í gba ìwé ìbéèrè tí kò pè fún. Weinberg Foundation ló wà nídìí iṣẹ́ títún ilé ìkàwé ṣe nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú yìí láti 2011. Iṣẹ́ rere ni, inú mi sì dùn sí i, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kọjá tiwa. Ọmọbìnrin yẹn tún sọ fún mi pé òfin ní kí àjọ aládàáni máa ná nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun ìní rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ ìyànjú lọ. Owó náà gbọ́dọ̀ jáde. Ojú ọ̀nà tó ń gbà ni mo ní láti lọ dúró sí.

Ìwé àṣẹ nìkan ló dá wa dúró díẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ò ní láti gba ìwé kí ìjọba tó yọ̀ǹda owó orí fún un, àmọ́ lẹ́tà 501(c)(3), èyí tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé ẹgbẹ́ kan kò ní san owó orí, ni ọ̀pọ̀ àjọ fẹ́ fojú rí. A kọ Form 1023-EZ, fọ́ọ̀mù kúkúrú tí wọ́n fi ń béèrè lẹ́tà náà, fún ẹgbẹ́ ìkàwé náà fúnra rẹ̀, a san 275 dọ́là. Ẹgbẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un kò ní ju 50,000 lọ lọ́dún ló wà fún.

Lẹ́tà márùn-ún péré ni mo kọ. Mo kọ iye ọmọ, iye ìwé, àti iye owó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ ọgbọ̀n: 3,360 dọ́là. Mo kọ ọ́ pé láti 2014 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ti ń sọ pé kí òbí máa kàwé sí ọmọ létí láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Nígbà tí mo dé orí àlọ́, ọwọ́ mi dúró. Ẹ̀rù bà mí pé wọn á ní èdè tàwọn kọ́ nìyí. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń mú àwọn ọmọ náà jókòó: bí mo bá ti ké "Àlọ́ o!", ọmọ ọdún méjì tí kò tíì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ pè á dáhùn "Àlọ̀!"

Àwọn méjì kò fèsì. Méjì kọ̀wé pé ó ti pẹ́ jù. Àjọ ìdílé yẹn ló fóònù mi ní ọjọ́ Tuesday kan. Ìyá àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí àlọ́ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo dúró nínú kíṣìnnì mi, mo ké e fún un, mo kọ́ ọ bí yóò ṣe dáhùn. Ó dáhùn. 3,000 dọ́là ni wọ́n fún wa.

Bí wọ́n bá ní kí n fún iṣẹ́ yìí ní ìràwọ̀, mẹ́rin àti ààbọ̀ nínú márùn-ún ni. Ààbọ̀ tó kù jẹ́ nítorí pé inú ilé ìkàwé lẹ ti gbọ́dọ̀ lò ó, èyí sì nira fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ àti alẹ́ bíi tiwa. Ìwé 990-PF náà máa ń fi ọdún kan tàbí méjì rẹ́yìn, nítorí náà ẹ fóònù kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́: àdírẹ́sì lè ti yí, ẹni tó ń ṣètò owó sì lè ti fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin tó fa àga wá jókòó tì mí ní tirẹ̀, ìràwọ̀ márùn-ún kò tó o.

Ẹ mú USB dání, kí ẹ mú ìwé ìṣirò owó yín, kí ẹ sì fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀. Bí ẹ bá mú ọmọ dání, yàrá àwọn ọmọdé wà nínú ilé kan náà. Ní Thursday tó ń bọ̀, èmi àti arábìnrin kan láti Randallstown la jọ ń lọ. Ọmọ mẹ́fà ni òun ní nínú pálọ̀ rẹ̀, kò sì tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní 990-PF.