Oníná tó fi súwíìṣì sí ìdérí mísà àti mílíǹ bẹkárì mi ní Iléṣà

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì ní Ìsọ̀kun, níbí ní Iléṣà. Mísà kan tí a fi ń po fúláwà, ẹ̀rọ mílíǹ kan tí a fi ń tẹ fúláwà pípò kó lè dán, àti ààrò onígi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àwọn náà ni mo ṣì ń lò. Lóṣù tó kọjá, oníná kan bá mi fi súwíìṣì sí ìdérí ẹ̀rọ méjèèjì, débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìdérí, ẹ̀rọ á dúró. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí lójú mi. Mo fẹ́ káwọn oníbẹkárì ẹgbẹ́ mi, àwọn tó ń lọ ata, àwọn onígàrí, gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń yí, fara balẹ̀ kà á.

Ohun tó gbé mi dìde ni pé lọ́dún tó kọjá, rólà mílíǹ gbá ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni. Ìdérí wà lórí mílíǹ o, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi wáyà so ó sókè kí iṣẹ́ lè yá. Èmi náà rí i, mi ò sọ nǹkan kan. Ká tó sáré pa jẹnẹrétọ̀, oríkèé kan ti lọ lára ìka àárín rẹ̀. Ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, òun ló ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá báyìí. Bí mo bá ń wo bó ṣe ń so ẹnu ọ̀rá, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Oníná tí mo kọ́kọ́ pè wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lẹ súwíìṣì kékeré mọ́ ìdérí mísà, ó gbowó, ó lọ. A ṣí ìdérí, mísà dúró, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ kan ṣí ìdérí láti ha fúláwà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́ mísà. Ó ṣe tán, ó pa ìdérí dé, mísà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìsí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Àyà mi já. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àwọn ọmọ fi rí i pé mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ lè tan súwíìṣì náà jẹ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ìdérí wà ní ṣíṣí, mísà ń yí lọ ràì.

Ẹni tó ń ta ọ̀rá fún mi ní Èréjà ló júwe oníná kejì yìí. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá l'Ékòó kó tó padà wá sílé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, kò tilẹ̀ tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ná." Ó dúró ti ògiri láti aago mẹ́ta òru títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó jókòó tì mí, ó ní nínú ìpò fúláwà kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ṣí ìdérí mísà: láti bu omi sí i, láti wò ó bóyá ó ti pò, láti bu fúláwà kún un. "Bí ẹ bá ní kí wọ́n máa dá ẹ̀rọ dúró lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n á wá ọ̀nà tan súwíìṣì jẹ. Kì í ṣe pé wọ́n burú." Kó tó ra súwíìṣì kankan, ó mú wẹ́dà wá, wọ́n gé ojú fèrèsé sí ìdérí náà, wọ́n fi irin tín-ín-rín dí i tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ò lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n omi àti fúláwà ń gbabẹ̀ wọlé, ojú sì ń rí inú. Nínú gbogbo owó tí mo ná, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Láti ìgbà náà, wọn kì í ṣí mísà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ìpò tó tán.

Súwíìṣì tó lò fún mísà kì í fara kan ara wọn. Ìdajì kan wà lára ìdérí, ìdajì kejì wà lára ẹ̀rọ, wọ́n sì ní kóòdù tí wọ́n fi mọ ara wọn. Ó ní irú èyí tó ní ihò tí a ń ti ahọ́n irin bọ̀ dára níbòmíràn, àmọ́ ní bẹkárì, fúláwà á kún inú ihò yẹn, á sì di mọ́ ọn. Ti mílíǹ yàtọ̀: èyí tó ń bá ìdérí yí níbi tí ìdérí ti ń ṣí ló lò. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wá àmì kan lára rẹ̀. Mo gbé jígí mi wọ̀ kí n tó rí i: ọfà kékeré nínú òbìrípo. Ó ní àmì yẹn túmọ̀ sí pé ìdérí fúnra rẹ̀ ló ń fa irin inú súwíìṣì ya, kì í ṣe sípíríǹ, nítorí náà bí iná bá tilẹ̀ ti mú kí irin méjèèjì lẹ̀ pọ̀, ṣíṣí ìdérí á fà wọ́n ya tipátipá. Ó tún mú òmíràn jáde látinú àpò, èyí tó ti rà rí ní ọjà, ó jọ ọ́ bí ìbejì, kò ní ọfà. Owó rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Schmersal àti Pilz ní Jámánì àti Omron ní Japáànù ń ṣe irú súwíìṣì báyìí, ẹni tó bá fẹ́ rà kó wo àmì kó tó sanwó.

Ìdánwò ló jẹ́ kí n kọ èyí. Mo ti ka ìyókù owó rẹ̀ sílẹ̀, mo fẹ́ kó máa lọ, ó ní rárá. Ìjẹ̀ṣà ni, ṣùgbọ́n kò ṣe òṣómàáló fún mi. Ó ní òun ò ní gbà á títí òun á fi gbìyànjú láti tan iṣẹ́ ara òun jẹ, tí òun á sì kùnà.

Ó tan mísà láìsí nǹkan nínú rẹ̀, ó ṣí ìdérí: ó dúró. Ìdérí ṣì wà ní ṣíṣí, ó tẹ bọ́tìnnì tútù: kò yí. Ó pa á dé, mo sún sẹ́yìn nítorí ohun tí ojú mi ti rí, ṣùgbọ́n mísà dákẹ́ títí ó fi tẹ bọ́tìnnì. Ó ní kí n lọ yí chanjìóbà padà bí ìgbà tí NEPA mú iná lọ tó sì tún gbé e dé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ò yí. Ó ní kí àwọn ọmọ gbé mágínẹ́ẹ̀tì rédíò wọn wá. Wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n gbé e wá. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ súwíìṣì tuntun níhìn-ín lọ́hùn-ún, asán ni. Lẹ́yìn náà ló pa iná, ó yọ wáyà kan kúrò lẹ́nu súwíìṣì, ó tan iná padà, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ kọ̀. Ó ní, "Bí eku bá jẹ wáyà yìí lálẹ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn." Eku bẹkárì mi ò kéré, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Kọ̀ntákítọ̀ méjì, ìyẹn súwíìṣì ńlá tó ń gbé iná fún mọ́tò ẹ̀rọ, ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú àpótí iná, kí èkejì lè gé iná bí ẹnu ọ̀kan bá lẹ̀ pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi igi tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ láti fi bẹ́ẹ̀ hàn mí. Ẹ má ṣe dán ìyẹn wò bí ẹ kì í bá ṣe oníná.

Ibi tí iṣẹ́ náà ò tíì pé ni mílíǹ. Bí ó ti ṣí ìdérí, iná gé lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n rólà ò dúró lójú ẹsẹ̀, ó wúwo, ó ń yí lọ. Ó fi fóònù ka á lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ìṣẹ́jú-àáyá 2.8, 3.1, 3.0. Èyí tó pẹ́ jù ló mú. Ó ní nínú ìwé ìlànà àgbáyé, mítà 1.6 ni wọ́n gbà pé èèyàn ń sún mọ́ ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 3.1, ìyẹn sún mọ́ mítà 5. Láti ìdérí mi dé rólà ò ju gígùn apá kan lọ. Irú súwíìṣì tó ń ti ìdérí pa, tí kì í tú u sílẹ̀ àfi tí rólà bá ti dúró pátápátá, ló yẹ ibẹ̀. Ó yẹ kó ti mọ èyí lọ́jọ́ tó fi wo iṣẹ́ lóru yẹn, mo sì sọ fún un. Ó gbà, ó ní òun ò ní gba owó iṣẹ́ lórí èyí tuntun, owó ọjà nìkan.

Súwíìṣì méjèèjì, kọ̀ntákítọ̀, wẹ́dà àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦310,000. Ó dùn mí láti san án. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 ní Nàìjíríà ti ní kí a fi ààbò yí ibi eléwu lára ẹ̀rọ ká, ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó fi ìwé kan sílẹ̀ tí a gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí iná. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí a tó bu fúláwà, a máa ń ṣí ìdérí mísà nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, a ó wò ó bóyá ó dúró, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ń di búrẹ́dì ló ní òun ni òun á máa ṣe é. Súwíìṣì tó ń ti ìdérí ṣì wà l'Ékòó. Títí tó fi máa dé, bóòtù la fi de ìdérí mílíǹ mọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni spánà rẹ̀ sì wà.