Kùránì ìwé, ti orí fóònù àti bírò tó ń kéwú: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ní Àbújá níbí, ẹni tó bá jáde lọ ra Kùránì kí ààwẹ̀ tó wọlé kò ní bá ìwé nìkan lọ́jà mọ́. Bírò tó ń kéwú, èyí tí ẹ ó fi kan ojú ìwé tí á sì ké ohun tó wà níbẹ̀, wà nínú páálí rẹ̀. Ọmọ tó ń ta fóònù náà á ní kí lẹ tún fẹ́ fowó ra ìwé ṣe, nígbà tí áàpù wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn. Ohun tí èmi máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, ta ló fẹ́ kà á? Ọmọ ilé kéwú, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti Máràrábá wọ Gárkì láràárọ̀, àti ìyá àgbà tójú ń ṣe bàìbàì, ohun tó yẹ wọn kò dọ́gba.

Fún ọmọ tó ń há Kùránì sórí, ìwé ni kí ẹ rà, mi ò sì ní jiyàn lórí èyí. Mùsháfù, ìyẹn odindi ìwé Kùránì, tí ilé ìtẹ̀wé Ọba Fahd ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà, ojú ìwé 604 ni. Ìlà 15 ló wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ibi tí áyà (ẹsẹ Kùránì) kan bá sì parí sí ni ojú ìwé máa ń parí sí. Ojú ló ń bá ọkàn rántí. Ọmọ lè gbàgbé bí áyà ṣe bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kó rántí pé ọwọ́ òsì ló wà, lókè, ní ìlà kẹta. Ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fún un ní òmíràn tó jẹ́ ìlà 13, á dà bí ẹni tí wọ́n tún ẹrù yàrá rẹ̀ tò lóru láìsọ fún un. Ẹyọ kan ni kí ẹ rà, kó máa lò ó títí di ọjọ́ wòlímọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo irú kírà, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ké Kùránì, tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Hafs àti Warsh ni méjì nínú wọn. Ti Mẹ̀dínà tó kún ìgboro, Hafs ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Òkè Ọya níbí, Warsh ni ọ̀pọ̀ àáfà àgbà fi ń kọ́ni, Warsh náà sì ni àwọn Kùránì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Kánò látinú èyí tí akọ̀wé fọwọ́ kọ. Ẹ ò ní láti jẹ́ àáfà kí ẹ tó dá wọn mọ̀. Ẹ wá lẹ́tà fa àti qaf. Nínú ti Kánò, àmì tótó fa wà nísàlẹ̀, qaf sì ní ẹyọ kan lókè. Nínú ti Mẹ̀dínà tó jẹ́ Hafs, ti fa wà lókè, qaf sì ní méjì. Bí àáfà ọmọ bá ń fi Warsh kọ́ ọ, tí ẹ wá ra Hafs fún un, wọ́n á máa nà án torí àṣìṣe tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ní ti fóònù, oríṣi áàpù méjì ló wà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í wo ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀kan ń gbé àwòrán ojú ìwé jáde bó ṣe wà nínú mùsháfù gan-an, gbogbo 604 pé. Bí Quran for Android ṣe rí nìyẹn. Èkejì ń to áyà sísàlẹ̀ ara wọn, ẹ ó kàn máa fọwọ́ fà á lọ. Ẹni tó ti há a sórí, tó fẹ́ máa tún un kà nínú gó-sílóò Nyányà, àkọ́kọ́ ló bá a mu, torí ojú rẹ̀ á ṣì bá áyà níbi tó fi í sí. Ẹni tó fẹ́ mọ ìtumọ̀ ni èkejì wúlò fún: lórí Quran.com, ìtumọ̀ Yorùbá wà lábẹ́ áyà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè mú lẹ́tà tóbi bí ẹ bá ṣe fẹ́. Àwòrán ojú ìwé kò rọrùn láti mú tóbi bẹ́ẹ̀.

Bí Warsh lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ wá ohùn Mahmoud Khalil al-Husary, ará Íjíbítì tó gbajúmọ̀ nídìí kíké Kùránì. Hafs ló kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ lódindi, ní 1961, kó tó gba Warsh. Ẹ wà á sílẹ̀ níbi tí wáífáì bá wà, kó má jẹ yín ní dátà. Áàpù Tarteel a máa fetí sí yín bí ẹ ṣe ń ké e, a sì máa fi àṣìṣe hàn, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san fún apá tó ń mú àṣìṣe, kò sì lè rí ètè àti ahọ́n yín bí àáfà ṣe ń rí i. Ọ̀pọ̀ àáfà gbà pé fóònù kì í ṣe mùsháfù, ẹ lè fọwọ́ kàn án láìṣe àlùwàlá. Ìyẹn rọrùn. Èyí tí kò rọrùn ni WhatsApp tó ń dún láàárín Súrátù Yásín, àti áàpù ọ̀fẹ́ mìíràn tó ń gbé ìpolówó tẹ́tẹ́ sábẹ́ áyà. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bírò ni mo rò pé àwọn èèyàn ń rà fún ẹni tí kò yẹ. Ọmọdé ni wọ́n ń rà á fún, ọmọdé á sì máa tẹ̀ ẹ́ ṣeré. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kéwú, tójú ń tì láti jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké, òun gan-an ló wúlò fún. Ẹ̀rọ kékeré wà lẹ́nu bírò náà tó ń rí àwọn tótó wínníwínní tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ojú ìwé, tí ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹ bá ti fi kan áyà, á ké áyà yẹn. Ẹ tún un fi kàn án, á tún un ké, kò ní bínú. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún un nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Kò mọ mùsháfù tó ti wà nílé yín, fọ́tòkọ́pì kò sì ràn án.

Nítorí náà, ẹ má ra bírò láìdán an wò. Ẹ fi kan Fátíhà, ẹ ṣí àárín ìwé, ẹ ṣí Súrátù Nási ní ìparí, kó ké gbogbo rẹ̀ lójú yín. Bí páálí bá ní ìtumọ̀ Yorùbá wà níbẹ̀, kí ọlọ́jà tẹ̀ ẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ wò ó bóyá okùn fóònù yín lè gba iná sí i, torí ti inú páálí kì í pẹ́ bàjẹ́. Kí ẹ tún bi í bóyá wọ́n ń ta ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ọjọ́ tó bá ya. Bó bá ní àfi kí ẹ tún ra odindi páálí, ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú owó tí ẹ máa san.